Ta Ni Ó Ń Gba Òṣìṣẹ́ Jù Lọ?



Iṣẹ́ mi ni kí n máa bẹ àwọn ilé ìwé wò. Mo máa ń gun alùpùpù láti abúlé kan dé òmíràn. Tí mo bá dé ilé ìwé, n ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, n ó sì máa gbọ́ bí àwọn ọmọdé ṣe ń kàwé. Mo tún máa ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ lọ́la.

Ní ọjọ́ kan, mo dé kíláàsì kan ní agbègbè Sanson, lọ́dọ̀ wa ní Tchaourou. Oṣù kẹta ọdún ni. Ooru mú gan-an. Kajú ti ń pọ́n lórí igi. Ìjókòó mẹ́rin ṣófo nínú kíláàsì náà.

Mo bi àwọn ọmọ náà pé: “Ta ni bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ níṣẹ́? Kí ó nawọ́.”

Ọmọ mẹ́ta péré ni ó nawọ́. Bàbá ọmọ kìíní jẹ́ olùkọ́. Ìyá ọmọ kejì jẹ́ nọ́ọ̀sì. Bàbá ọmọ kẹta ń wa ọkọ̀ ẹrù fún ilé iṣẹ́ òwú ní Pàràkú.

Mo wo ọmọbìnrin kan tí kò nawọ́. Mo ní: “Bàbá tìrẹ ńkọ́?”

Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. Ó ní: “Bàbá mi ò níṣẹ́, ẹ má bínú. Oko ni wọ́n ń lọ.”

Kíláàsì dákẹ́. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín, nítorí bàbá ọ̀pọ̀ nínú wọn náà, oko ni ó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ẹ̀kọ́ yìí fún yín. Ẹ jẹ́ ká jọ wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan: ta ni ó ń gba òṣìṣẹ́ jù lọ? Tí a bá parí, a ó mọ̀ bóyá òótọ́ ni ọmọ náà sọ.

Kí ni agbanisíṣẹ́?

Agbanisíṣẹ́ ni ẹni tí ó gba ènìyàn pé kí ó wá ṣiṣẹ́ fún òun, tí ó sì ń san owó iṣẹ́ náà fún un. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà ni òṣìṣẹ́.

Agbanisíṣẹ́ lè jẹ́ ènìyàn kan. Ó lè jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá. Ó sì lè jẹ́ ìjọba.

Ẹ wo ìyá tí ó ń dín àkàrà lẹ́bàá ilé ìwé yín. Òun ni ó ra ẹ̀wà. Òun ni ó lọ̀ ọ́. Òun ni ó dín in, òun náà ni ó tà á. Kò sí ẹni tí ó ń san owó oṣù fún un. Ọ̀gá ni, òṣìṣẹ́ sì ni. Àwa ń pe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ẹni tí ó dá iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Tí àkàrà rẹ̀ bá wá ń tà gan-an ńkọ́? Ó lè pe ẹ̀gbọ́n kan ní àdúgbò kí ó wá máa bá òun lọ ẹ̀wà, kí ó sì máa fún un lówó. Láti ọjọ́ náà, ìyá alákàrà ti di agbanisíṣẹ́. Òṣìṣẹ́ kan ni ó ní, ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ ni.

Oko wa ní Sanson

Kí ni àwọn ènìyàn ń gbìn ní Sanson? Wọ́n ń gbin iṣu. Wọ́n ń gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà àti sóyà. Wọ́n ń gbin òwú. Wọ́n sì ní oko kajú. Àwọn ìyá wa ń ṣa èso èmí nínú igbó láti fi ṣe òrí.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣu kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká ka ọwọ́ tí ó ti kàn án.

Ẹnì kan ṣán igbó. Ẹnì kan kọ ebè. Ẹnì kan gbin iṣu sínú ebè. Ẹnì kan fi igi ti ewé rẹ̀ dúró. Ẹnì kan ro oko lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ro lẹ́ẹ̀kejì. Ẹnì kan wa iṣu náà. Ẹnì kan rù ú wá sí ẹ̀bá títì. Ẹnì kan kó o sínú ọkọ̀. Ẹnì kan tà á lọ́jà. Nígbà náà ni ìyá yín tó gún un ní iyán!

Nígbà tí a bá fẹ́ kọ ebè, iṣẹ́ máa ń pọ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Kí ni àgbẹ̀ ń ṣe?

Ó lè gba alágbàṣe. Alágbàṣe a kọ ebè, àgbẹ̀ a sì sanwó fún un.

Ó lè be ọ̀wẹ̀. Yóò bẹ àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ pé kí wọ́n wá ran òun lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan. Yóò se oúnjẹ púpọ̀ fún wọn.

Ó sì lè wọ àáró. Nínú àáró, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún máa ń pa ọwọ́ pọ̀. Lónìí, gbogbo wọn a ṣiṣẹ́ ní oko Ẹni Kìíní. Lọ́la, wọn a lọ sí oko Ẹni Kejì. Wọn a ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi yí wọn ká. Kò sí owó níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè wà níbẹ̀. Ẹni tí a bá ṣiṣẹ́ fún, dandan ni kí ó lọ ṣe ti ẹlòmíràn.

Ṣé ẹ rí i? Àwọn bàbá wa ti mọ bí a ṣe ń kó òṣìṣẹ́ jọ kí ilé iṣẹ́ ńlá tó dé.

Ẹ wá gbọ́ nǹkan tí ó lè yà yín lẹ́nu. Tí a bá kó gbogbo òṣìṣẹ́ ayé jọ, tí a pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, nǹkan bí ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni ó ń ṣiṣẹ́ oko. Ní ilẹ̀ wa Bẹ̀nẹ̀, iye wọn tún pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìrìn àjò kóró kajú

Oko kajú pọ̀ ní Tchaourou. Ẹ̀yin náà mọ igi kajú. Èso rẹ̀ pupa tàbí kí ó jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè. Kóró rẹ̀ rọ̀ sí ìdí èso náà, ó dà bí kíndìnrín.

Láti oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, èso a máa já bọ́ sílẹ̀. Àwọn ènìyàn a ṣà á. Wọn a yí kóró kúrò lára èso. Wọn a sá kóró náà sóòrùn fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Wọn a dì í sínú àpò. Olùrà a gbé òṣùwọ̀n wá, a wọn àpò náà, a sì sanwó.

Fún ọdún púpọ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa parí sí. Wọ́n a kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú kóró náà sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di Íńdíà, ó di Vietnam. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á, tí wọ́n ti ń bó o. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ni ó ń gba owó iṣẹ́ náà.

Kí ni iṣẹ́ tí ó wà lára kóró kajú kan? Ẹ tẹ̀ lé mi wọ ilé iṣẹ́.

Wọn a kọ́kọ́ ya kóró ńlá sọ́tọ̀, wọn a ya kékeré sọ́tọ̀.
Wọn a fi ooru omi gbígbóná sè é kí èèpo rẹ̀ lè rọ̀.
Wọn a fi ẹ̀rọ kékeré la èèpo náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Wọn a gbẹ ọmọ inú rẹ̀ nínú ààrò.
Wọn a bó awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lára rẹ̀.
Wọn a ya odindi sọ́tọ̀, wọn a ya èyí tí ó fọ́ sọ́tọ̀. Odindi ni ó wọ́n jù.
Wọn a dì í sínú páálí.

Inú èèpo kajú ní omi kan tí ó dà bí epo. Omi náà máa ń jó ènìyàn lára. Nítorí náà, àwọn tí ó ń la kajú máa ń wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má ṣe fi eyín fọ́ kóró kajú o! Yóò bó yín lẹ́nu.

Iṣẹ́ méje ni mo kà yẹn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ kajú fi máa ń gba òṣìṣẹ́ gan-an. Ní Tourou, lẹ́bàá Pàràkú, ilé iṣẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Tolaro Global. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fi òfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó kóró kajú tí a kò tíì pa lọ sí òkè òkun mọ́. Kí ni ìdí? Ibi tí a bá ti pa kóró ni iṣẹ́ wà. Tí a bá pa á nílé, owó iṣẹ́ náà yóò kù sílé. Ìjọba tún kọ́ àgbàlá ilé iṣẹ́ ńlá kan sí Glo-Djigbé, ní ìhà Kútọnu. Níbẹ̀, wọ́n ń pa kajú, wọ́n sì ń fi òwú wa rán aṣọ.

Pàràkú àti òwú

Tí ẹ bá kúrò ní Tchaourou tí ẹ doríkọ àríwá, ẹ ó dé Pàràkú. Òwú ni ó gbilẹ̀ jù ní àríwá ilẹ̀ wa. Banikoara ni wọ́n ti ń gbìn ín jù. Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn ilẹ̀ tí ó ń gbin òwú jù lọ ní Áfíríkà. Òwú tí a gbìn ní 2020 ju 700,000 tọ́ọ̀nù lọ.

Àgbẹ̀ a já òwú. Ọkọ̀ ńlá a kó o lọ sí ilé iṣẹ́ ní Pàràkú, ní Kandi, ní Banikoara tàbí ní Bohicon. Níbẹ̀, ẹ̀rọ a ya irúgbìn kúrò lára òwú. Òwú a lọ sí ọ̀nà tirẹ̀. Wọn a fún epo láti inú irúgbìn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Ilé iṣẹ́ òwú kì í ṣiṣẹ́ láti January dé December. Nígbà tí òwú ọdún náà bá tán, ẹ̀rọ a dúró. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ a padà sílé títí òwú mìíràn yóò fi dé. Iṣẹ́ ìgbà ni à ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Láti Ṣábẹ dé Kútọnu

Tí ẹ bá sì doríkọ gúúsù, ẹ ó dé Ṣábẹ. Àwọn ará Ṣábẹ ń sọ èdè Yorùbá bíi tiwa. Oko ìrèké ńlá wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ṣúgà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ni ó jọ dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ojú irin kan wà tí ó kọjá ní Tchaourou. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Kútọnu, ó parí sí Pàràkú. Ó gùn tó 438 kìlómítà. Láti 1959, àjọ tí ń jẹ́ OCBN ni ó bójú tó o fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ń rìn dáadáa, iṣẹ́ reluwé lókìkí gan-an. Ẹnì kan ń wa ọkọ̀, ẹnì kan ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ń tún irin ṣe, àwọn obìnrin sì ń ta oúnjẹ ní ibùdókọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ náà dín kù, iṣẹ́ wọn dín kù pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ rí: tí ọ̀kan bá dúró, ọ̀pọ̀ tí ó so mọ́ ọn a dúró.

Ní Kútọnu, èbúté ńlá kan wà. Wọ́n ṣí i ní 1965. Àwọn kan ń já ẹrù kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn kan ń kọ orúkọ ẹrù sílẹ̀. Àwọn kan ń wa ọkọ̀ ńlá tí ó ń gbé ẹrù náà lọ. Ẹ ti rí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn lójú títì Tchaourou.

Ọjà Dantokpa náà wà ní Kútọnu. Ọjà náà tóbi púpọ̀. Ta ni ó gba àwọn ìyá ọlọ́jà ibẹ̀ síṣẹ́? Kò sí. Olúkúlùkù ni ọ̀gá ara rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gun zémidjan.

Ìjọba náà ń gbà ènìyàn

Ta ni ó ń san owó oṣù fún olùkọ́ yín? Ìjọba ni. Ta ni ó ń san ti nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn? Ìjọba ni. Ta ni ó ń san ti sójà àti ọlọ́pàá? Ìjọba náà ni. Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ìjọba ni ó gbà mí síṣẹ́.

Ní ilẹ̀ wa, kò sí ilé iṣẹ́ kan tí ó ń san owó oṣù fún ènìyàn tó bí ìjọba ti ń san án. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Àwọn agbanisíṣẹ́ ńlá láyé

Ẹ jẹ́ ká rìn jìnnà díẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ilé ìtajà kan wà tí ń jẹ́ Walmart. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1962. Lónìí, òṣìṣẹ́ rẹ̀ ju 2,000,000 lọ. Báwo ni iye yẹn ṣe pọ̀ tó? Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Bẹ̀nẹ̀ ní 2013, gbogbo ará Tchaourou, àti àgbà àti ìkókó, ju 200,000 lọ díẹ̀. Ẹ kó Tchaourou mẹ́sàn-án jọ! Nígbà náà ni ẹ ó tó sún mọ́ iye òṣìṣẹ́ Walmart.

Ní ilẹ̀ Íńdíà, reluwé wọn ní òṣìṣẹ́ tí ó ju 1,000,000 lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní òṣìṣẹ́ tí ó ju 1,000,000 lọ pẹ̀lú: dókítà, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, alásè àti àwọn tí ń tún ilé ṣe.

Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra wọn. Ibì kan, ìtajà ni. Ibì kan, reluwé ni. Ibì kan, ìwòsàn ni. Ibi tí ènìyàn bá ń gbé àti ohun tí ilẹ̀ ibẹ̀ ní ni ó ń sọ irú iṣẹ́ tí yóò pọ̀ níbẹ̀. Ìlú tí ó wà létí òkun ń ṣiṣẹ́ èbúté. Ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ dára fún òwú ń ṣiṣẹ́ òwú.

Wàyí o, ta ni ó ń gba òṣìṣẹ́ jù lọ? Tí a bá ń wá ilé iṣẹ́ aládàáni kan ṣoṣo, Walmart ni. Tí a bá ń wá ẹni tí ó ń san owó oṣù jù ní ilẹ̀ wa, ìjọba ni. Ṣùgbọ́n tí a bá ń wá iṣẹ́ tí ó kó ọwọ́ jọ jù ní Sanson, oko ni. Kò ní gèètì, kò ní pátákó orúkọ, kò ní yunifọ́ọ̀mù. Síbẹ̀ òun ni ó ń bọ́ àwọn yòókù. Olùkọ́ ń jẹ iṣu. Dókítà ń jẹ iṣu. Òṣìṣẹ́ Walmart náà ń jẹ kajú.

Àwọn ìjókòó mẹ́rin

Ẹ rántí pé ìjókòó mẹ́rin ṣófo ní kíláàsì náà. Olùkọ́ wọn sọ fún mi pé àwọn ọmọ mẹ́rin náà ti lọ ṣa kajú.

Kò burú kí ọmọ ran àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé ìwé. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní kékeré. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ wa sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 síṣẹ́. Láti 2006, ìjọba sì ti sọ pé kí a má gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé ìjọba. Àkókò ilé ìwé, ti ilé ìwé ni.

Ẹ ronú sí èyí. Olùrà kajú gbé òṣùwọ̀n dé. Ó wọn àpò bàbá yín. Ó ní: “Kílò 60 ni.” Ta ni yóò wo òṣùwọ̀n náà bóyá 60 ni tàbí 70? Ẹni tí ó mọ nọ́ńbà kà ni. Ọmọ tí ó ṣa kajú ní gbogbo ọjọ́ tí kò lè ka òṣùwọ̀n, ẹlòmíràn ni yóò jèrè iṣẹ́ rẹ̀.

Kí n tó kúrò ní kíláàsì náà, mo ṣàlàyé gbogbo ohun tí mo kọ síhìn-ín fún àwọn ọmọ náà. Mo tún bi ọmọbìnrin yẹn pé: “Ó dára. Kí ni iṣẹ́ bàbá rẹ?”

Ó dìde. Kò kúnlẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ó ronú díẹ̀, ó sì ní: “Àgbẹ̀ ni wọ́n. Nígbà tí a bá ń kọ ebè, alágbàṣe márùn-ún ni wọ́n máa ń gbà. Agbanisíṣẹ́ ni bàbá mi.”

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun

Agbanisíṣẹ́: ẹni tí ó gba ènìyàn síṣẹ́ tí ó sì ń sanwó fún un.
Alágbàṣe: ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn fún ọjọ́ díẹ̀, tí ó sì ń gba owó.
Àáró: kí àwọn ọ̀rẹ́ máa ṣiṣẹ́ yípo ní oko ara wọn.
Iṣẹ́ ìgbà: iṣẹ́ tí ó máa ń wà ní àkókò kan nínú ọdún, tí kì í sí ní àkókò mìíràn.
Òṣùwọ̀n: ohun tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe wúwo tó.

Ìbéèrè

1. Ọmọ mélòó ni ó nawọ́ nínú kíláàsì náà? Kí ni iṣẹ́ òbí wọn?
2. Kí ni ó yàtọ̀ láàrin ọ̀wẹ̀ àti àáró?
3. Kí ni ìdí tí àwọn tí ń la kajú fi ń wọ ìbọ̀wọ́?
4. Kí ni ìdí tí ìjọba fi fẹ́ kí a máa pa kajú nílé?
5. Tí kílò kajú kan bá jẹ́ 300 fàráǹkì, èló ni kílò 10?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ bi bàbá tàbí ìyá yín pé: “Ènìyàn mélòó ni ó bá yín ṣiṣẹ́ ní ọdún yìí?” Ẹ kọ iye náà sílẹ̀. Ẹ mú un wá sí kíláàsì lọ́la. Ẹ jọ kó gbogbo iye náà pọ̀, kí ẹ lè mọ iye òṣìṣẹ́ tí àwọn òbí kíláàsì yín ń gbà.